Iyọ̀ Inú Kànga Kẹta

Ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò nípọn. Èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, omi ti mú etí rẹ̀ wú, ìlà pupa kan sì gba àárín ojú ewé kan kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi ni mo fa ìlà náà. Rúlà ni mo fi fà á kí ó lè tọ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé ẹni tí inú ń bí kì í dúró wá rúlà. Inú kò bí mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ní ọdún tó kọjá, mo ti parí yunifásítì, mo ti sin ìlú, mo sì ń bá olùkọ́ mi àtijọ́ kan ṣiṣẹ́ ní láàbù kékeré kan ní Àgbádárìgì. Obìnrin ni olùkọ́ náà. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ tí ọ̀gá ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Omi kànga ń di oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ibì kan láàárín òkun àti ọ̀sà wa, ọ̀gá sì fẹ́ mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀. A yan kànga mẹ́fà láti Ibereko lọ sí ọ̀nà Gbaji. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé ìdí kànga kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó fa omi, kí ó ki ẹnu mítà bọ̀ ọ́, kí ó sì kọ iye iyọ̀ tí mítà bá fi hàn sílẹ̀.

Ọ̀gá gba akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì fún iṣẹ́ náà. Wọ́n wá fún IT, ìyẹn oṣù mẹ́fà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì fi ń kọ́ṣẹ́ lóde kí wọ́n tó padà sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún ìkẹyìn. Ó fà wọ́n lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń fi ọmọbìnrin ṣe níbi IT. Má jẹ́ kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà fọ ìgò."

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tèmi, ìgò ni mo fọ̀. Mo fọ ìgò, mo gbálẹ̀, mo ń ra búrẹ́dì fún àwọn ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ. Nígbà tí mo sì wá dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé iṣẹ́ àṣekágbá mi, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwọn ará àdúgbò sọ pé". Ọkùnrin kan nínú wọn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Wọ́n sọ? Ṣé inú ọjà lo ti ṣe ìwádìí ni?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó dùn mí. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé kò ní sí ọmọbìnrin tó máa gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá tí ẹnikẹ́ni á lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èrò rere ni. Títí di òní, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀, àfi pé òun ló bí gbogbo ohun tó tẹ̀lé e.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá láti àárín Èkó. Ó ga, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dà bí ìwé títẹ̀. Èkejì jẹ́ ọmọ Ègùn láti abúlé kan lẹ́yìn Gbaji, létí ọ̀sà. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà, bàbá rẹ̀ ń pẹja. Ohùn Ègùn wà nínú Yorùbá rẹ̀, ó sì máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yẹ kí n fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀, nítorí pé ìwà tèmi gan-an ni.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé aláwọ̀ búlúù kan. Mo ní, "Ìwé yìí kì í ṣe ibi ìtàn. Ọjọ́, àkókò, nọ́ńbà kànga, ohun tí mítà sọ. Ó tán."

Ọmọ Gbaji ní, "Àǹtí, bí àwọn tó ni kànga bá sọ nǹkan fún wa nípa omi náà ńkọ́?"

"Bíi kí ni?"

"Bíi kí wọ́n ní ó máa ń mú iyọ̀ lẹ́nu tí òjò bá ti pẹ́ kó tó rọ̀."

"'Wọ́n ní' kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ni mítà ní?"

Ọmọ Èkó ní, "Mítà kì í ṣòfófó." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí di àpárá láàárín wa. Bí ọ̀kan bá ní ebi ń pa òun, èkejì á ní, "Kí ni mítà ní?" Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, àwọn méjèèjì á jọ bi mí. Inú mi dùn sí i. Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ wọ́n lára.

Ohun kan wà tí wọ́n jọ ń lé. Ní òpin oṣù mẹ́fà, ọ̀gá máa mú ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá mú á ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní láàbù wa, á máa lo ẹ̀rọ wa, ọ̀gá fúnra rẹ̀ á sì máa tọ́ ọ. Fún ọmọ tó fẹ́ di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àǹfààní kékeré kọ́. Ìwé tí èmi bá kọ nípa wọn ni ọ̀gá á fi yàn, ó sì sọ ọ́ fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ọmọ Gbaji sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ fún mi ní ọjọ́ kan tí a jọ ń dúró de ọ̀kadà lẹ́bàá títì.

"Kànga tiwa ti di oníyọ̀," ló wí. "Ọdún kẹta rèé. Omi ni ìyá mi ń rà. Àwọn kan ní òkun ló ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀sà ni. Ìyá bàbá mi ní ẹ̀ṣẹ̀ bàbá mi ni."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni bàbá rẹ ṣẹ̀?"

"Ó fẹ́ ìyá mi."

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àǹtí. Bí ọ̀gá bá mú mi, ṣé kànga tiwa lè wọ inú iṣẹ́ náà?"

Mo ní ó lè wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni mo sọ. Kànga kan tó ti yí padà báyìí wúlò fún wa ju mẹ́ta nínú àwọn tí a ń wọ̀n lọ.

Kànga mẹ́ta mẹ́ta ni mo pín fún wọn. Kànga kẹta, tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Gbaji, wà ní Ibereko, nínú agboolé àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò kan tí wọ́n ń ta ìrẹsì àti òróró lẹ́bàá títì. Kànga náà kò jìn, omi rẹ̀ dùn, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sì yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé kò kọ́ wa ní nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń retí oṣù ààwẹ̀, nọ́ńbà náà fò sókè.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń yẹ ìwé wọn wò. Mo kọ́kọ́ yẹ mítà wò, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Mo pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, mo kì í bọ omi tí mo mọ iye iyọ̀ rẹ̀. Mítà kò ní àbùkù. Mo wo àwọn kànga tó wà nítòsí rẹ̀. Kò sí èyí tó yí padà. Bí òkun bá fẹ́ wọlé, kì í gba inú agboolé kan ṣoṣo wọlé. Nígbà náà ni mo pe ọmọ náà.

Mo ní, "Kànga kẹta. Kí ló ṣe é?"

Ó ní, "Iyọ̀ inú rẹ̀ ló pọ̀, Àǹtí."

"Mo rí i. Kànga kì í fò báyìí lójijì. Ṣé o dé ibẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀."

"Ta ló rí ọ?"

Ó wò mí. "Gbogbo ará ilé ló rí mi. Mo pẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyàwó ilé ní—"

"Wọ́n ní," ni mo wí.

Àpárá ni mo rò pé mò ń dá. Ọmọ Èkó, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bá mi parí rẹ̀: "Kí ni mítà ní?" Òun náà, àpárá ló ń dá. Ọmọ Gbaji kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ìdákẹ́jẹ́ náà àfi èyí: "Ohun tí mítà ní ni mo kọ."

Mo ní ó dáa. Kò dáa nínú mi.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà kànga kẹta ń sọ̀kalẹ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́nà tó gún régé, bí ẹni tó ń fi àkàbà sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ó gún jù lójú mi. Mo ṣe ìṣirò náà báyìí: ọmọ yìí kò dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ ohun tó wù ú, nígbà tí mo sì bi í, ó rí i pé òun kò lè padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ó ń padà sí òótọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n má bàa fura. Bí mo bá ka ìrònú yìí lónìí, mo ṣì ń rí i pé ó bára mu. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Irọ́ tí mo pa fún ara mi kò ní ihò kankan nínú.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ dá a lẹ́bi láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí a ti túnu ààwẹ̀ tán, tí ọ̀sẹ̀ kan sì ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé mítà, mo lọ sí Ibereko fúnra mi. Mo kí àwọn ará ilé lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n mu omi. Mo ní mò ń kánjú. Mo fa omi, mo wọ̀n ọ́n, mo sì lọ. Nọ́ńbà tí mo rí kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ti ìgbà tí ààwẹ̀ kò tíì dé. Èyí ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Mo padà sí láàbù, mo mú rúlà, mo fa ìlà pupa náà.

Nínú ìwé tí mo kọ fún ọ̀gá, mo yin ọmọ Gbaji. Mo ní ó jẹ́ onísùúrù, ó mọ ojú ilẹ̀, àwọn ará ilé sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo wá fi gbólóhùn kan kún un: "Nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣe é gbára lé." Gbólóhùn yìí nìkan ni ọ̀gá nílò. Ó mú ọmọ Èkó.

Ní ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà pé, ọmọ Gbaji dá mítà padà. Ó ti nù ún, ó ti yọ bátìrì rẹ̀ kó má bàa jẹrà sínú rẹ̀, ohun tí n kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó gbé ìwé búlúù lé e lórí. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo kọ́ nǹkan púpọ̀." Mo fún un ní èsì tó yẹ. Mo fi ìwé náà sínú àpótí tábìlì mi.

Ọdún mìíràn wọlé.

Ní ọdún yìí, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi rán mi lọ sí agboolé ìyá rẹ̀ láàárín ìlú. Ó gbé ọ̀rá iyọ̀ ńlá kan lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Kí ni Ìyá Àgbà fẹ́ fi gbogbo iyọ̀ yìí ṣe?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò. "Wọ́n fẹ́ gbọ́n kànga. Kí ni wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe ní kànga? Yunifásítì ti gba gbogbo orí rẹ tán."

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni a ti ní kànga ẹlẹ́rọ nílé tiwa, tó jẹ́ pé a kàn ń ṣí ẹnu rẹ̀ ni. N kò rántí nǹkan kan. Mo gbé iyọ̀ náà, mo lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọkùnrin kan ti wà nínú kànga, ó ń kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí, àwọn obìnrin sì ń fi okùn fà á jáde. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Bó ṣe rí mi, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé omi ti dé o. Ẹ jẹ́ kó bá wa wò ó bóyá omi lomi." Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ìyàwó àbúrò ìyá mi ní, "Ṣé ìwé lo máa fi fa okùn ni?" Mo ká ọwọ́ aṣọ mi, mo bá wọn fà.

Nígbà tí omi tuntun ti ń sun wọlé, tí ọkùnrin náà sì ti jáde, wọ́n ní Bìsìmílàì, wọ́n da álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan wá ń da iyọ̀ tirẹ̀, kóńgò kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀rá tí mo gbé wá ni wọ́n dà kẹ́yìn. Mo dúró lẹ́nu kànga, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún nísàlẹ̀.

Mo wá rántí. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, omi ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ máa ń mú iyọ̀ lẹ́nu ní ilé yìí. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún àwa ọmọdé pé iyọ̀ náà ni kò ní jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wá. Nígbà tí oṣù bá fi máa lé fún ìtúnu, adùn náà á ti lọ. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ìmọ̀.

Iyọ̀ tí a dà lẹ́ẹ̀kan náà, tí a wá ń fa omi rẹ̀ lójoojúmọ́, tí omi tútù sì ń sun rọ́pò èyí tí a fà: ó gbọ́dọ̀ fò sókè, kó sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ́nà tó gún régé. Ẹ̀kọ́ ọdún kejì ni. Mo ti yege nínú rẹ̀.

Mo bi Ìyá Àgbà bóyá àwọn agboolé mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ta ni kì í ṣe é? Ṣé omi ẹlẹ́rẹ̀ lèèyàn á fi ṣe àlùwàlá nínú ààwẹ̀?" Ìyá Àgbà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé agboolé rẹ̀ ni gbogbo ayé, nítorí náà n kò gba ìyẹn bí ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Ibereko.

Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó. Ìyálé ilé náà fún mi ní omi, mo mu ún. Mo bi í nípa ọmọ tó máa ń wá wọn kànga wọn ní ọdún tó kọjá.

"Ọmọ Ègùn yẹn? Ọmọ dáadáa ni. Ọjọ́ tí a gbọ́n kànga gan-an ló dé. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó bá wa fà á títí. Nígbà tí a fẹ́ da iyọ̀ sí i, ó ní kí a dúró ná, kí òun kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. A dúró. Ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ń bi wá pé kóńgò mélòó. Mo ní, 'Ṣé o fẹ́ sè é ni?'" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wò mí dáadáa. "Ìwọ lo wá lẹ́yìn ìtúnu. Ìwọ tí o kò fẹ́ jókòó."

Mo ní èmi ni.

Mo padà sí láàbù, mo yọ ìwé búlúù náà jáde. Ojú ewé tí mo fa ìlà sí kò ní ju ohun tí mo ti rí lọ. Ṣùgbọ́n n kò tíì ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn rí. Nínú èèpo ẹ̀yìn, ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ náà, nọ́ńbà kan ṣáájú iyọ̀, nọ́ńbà kan lẹ́yìn iyọ̀, àti iye kóńgò. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ pé: "Bí a bá ń wọ̀n ọ́n lọ, a ó mọ iye ọjọ́ tí kànga fi ń fọ ara rẹ̀." Ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà: "Bi Àǹtí."

N kò mọ ìgbà tó kọ "Bi Àǹtí" náà. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kan náà, kó tó wá jókòó níwájú mi. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti yí i wò lọ́nà méjèèjì, n kò rí èyí tó sàn.

Ìbéèrè tó kọ síbẹ̀ dára ju gbogbo ohun tí a fi oṣù mẹ́fà wá lọ. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló ń mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi í han ọ̀gá, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ka èèpo ẹ̀yìn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìwọ lo kọ́ wọn pé kí wọ́n má kọ ìtàn?"

"Èmi ni."

"Hmm." Kò bá mi wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ Èkó ti dé àárín iṣẹ́ tirẹ̀, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, a kò sì lè yọ ọ́. Ó ní kí n kọ ìwé mìíràn tó tún ti àkọ́kọ́ ṣe, kí n fi sínú fáìlì. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, ohun kan wá sí mi lọ́kàn tí n kò lè lé lọ: ní gbogbo oṣù mẹ́fà, n kò bi ọmọ Èkó lẹ́ẹ̀kan pé ta ló rí i. Nọ́ńbà tirẹ̀ kì í fò. N kò sọ pé ó ṣe ohun tí kò tọ́. N kò ní ẹ̀rí kankan fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ bí èmi, ó ń kọ̀wé bí mo ṣe fẹ́ kéèyàn máa kọ̀wé, n kò sì rántí láti béèrè.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí abúlé lẹ́yìn Gbaji. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà lórí àwọ̀n irin. Ọmọ náà wá sílé fún òpin ọ̀sẹ̀. Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi. Ó ti rù díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ̀yin kì í jáde láìní mítà lọ́wọ́."

Mo ní, "Mítà wà nínú báàgì."

Ó sọ ìyẹn fún ìyá rẹ̀ ní èdè Ègùn, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín.

N kò lè jókòó kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní, "Wọ́n da iyọ̀ sí kànga kẹta. Àwa náà ń ṣe é ní ilé Ìyá Àgbà mi. Mo ti gbàgbé ni. Òótọ́ ni gbogbo nọ́ńbà rẹ. Èmi ni mo ṣì í."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìpẹ́ ẹja tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ rí i nígbà tí wọ́n ń dà á?"

"Mo rí i."

"Ta ló rí yín?"

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹ̀rín tó dénú, kì í ṣe ti ìkà. N kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Gbogbo ará ilé ni."

"Wọ́n ní," ló wí.

Lẹ́yìn tó ti rẹ́rìn-ín tán, mo bi í ìdí tí kò fi tún padà wá sọ ọ́ fún mi, kó ṣí èèpo ẹ̀yìn hàn mí. Ó rò ó wò. Ó ní, "Mo fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ti bi mí bóyá mo dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti bi ní ìyẹn, gbogbo àlàyé tó bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ á dà bí irọ́. Èmi náà á rò bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ẹlòmíràn." Kò fi ọ̀rọ̀ náà gbá mi lójú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà.

Mo sọ fún un nípa ìwé tuntun tí mo kọ. Mo ní mo lè bẹ ọ̀gá kó bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó yí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ padà. Ó mi orí. Wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́, ọṣẹ tí a fi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe, irú èyí tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe léraléra. Ó ní, "Ó ti pẹ́ jù, Àǹtí. Ọṣẹ mi ti ń hó." Bó bá sì parí, ó ní òun á lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Otto, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn, ìyá òun á sì máa rí òun.

Iṣẹ́ tó níyì ni iṣẹ́ tíṣà. N kò lè sọ pé èmi ni mo darí rẹ̀ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń lọ tẹ́lẹ̀. N kò sì lè sọ pé èmi kọ́. Ohun tí mo lè sọ kò ju èyí lọ: ọmọ kan wà tó ní kí wọ́n dúró ná, kí òun wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó da iyọ̀ sí i, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ó wà níwájú mi fún oṣù mẹ́fà. Mo bi í bóyá ó dé ibẹ̀.

Kí n tó lọ, mo ní kó fi kànga wọn hàn mí. Ó wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àgbọn, páànù ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà. Ó fa omi, mo ki mítà bọ̀ ọ́, nọ́ńbà náà sì gòkè, ó gòkè, kó tó dúró. Mo mú ìwé búlúù kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí jáde. Mo ní kó sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa kànga náà fún mi. Ó sọ ọ́: ti òkun, ti ọ̀sà, ìgbà tí adùn omi yí padà, ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, àti ohun tí ìyá bàbá rẹ̀ wí. Mo kọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀ṣẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ "wọ́n ní" léraléra.

Nísàlẹ̀ ojú ewé náà ni àyè orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n wà. Mo na bírò sí ọmọ náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbà á, ó wá tún ronú sí i.

"Ẹ kọ orúkọ yín, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n. Èmi kàn bá yín fa omi ni."

Ó gbé omi tó kù lọ fún ìyá rẹ̀, kó fi fọ ẹja. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò náà. Mo kọ orúkọ mi àti ọjọ́ náà sórí ìlà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà bí ọdún kan ló yẹ kó ti wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn.